Ìyẹ̀fun Ìka Méjì fún Ahun ní Krofrom

Krofrom jẹ́ àdúgbò tí èrò kún nínú ìlú Kùmásí ní Gánà. Kò jìnnà sí ààfin Manhyia níbi tí Asantehene, ọba Asante, ń gbé, kò sì jìnnà sí Kejetia, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé alágbàlá ibẹ̀ kò ní ya ará Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ará Ìlọrin lẹ́nu: yàrá yí àgbàlá ká, ìdílé mẹ́ta mẹ́rin ń dáná lójú kan, aṣọ tí wọ́n sá ń fẹ́ lókè, adìyẹ ń tan ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ baba àwọn ará ibi méjèèjì yìí ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni ahun ń rìn kiri bí wọ́n bá ń sìn ín. Kì í gbó bí ajá, kì í jí ẹran nínú ìkòkò bí ológbò. Wọ́n lè gbàgbé rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibi ìgbàgbé yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ti máa ń dojú rú.

Ohun tí mo fẹ́ yìn níhìn-ín kéré púpọ̀. Ìyẹ̀fun funfun ni, tí èèyàn ń fi ìka méjì bù, tó ń wọ́n sórí ewé kí ahun tó jẹ ẹ́. Àwọn oníṣòwò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń dì í sínú ike aláràbarà, wọ́n ń ya àwòrán ahun sí i lára, wọ́n ń to orúkọ fítámínì sí ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí kò fi sáyè mọ́, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe kókó jù nínú ike yẹn, kálísíọ̀mù, wà nílẹ̀ ní Krofrom tí ìgbálẹ̀ ń gbá a dànù lójoojúmọ́. Fítámínì tó tẹ̀ lé e ń ti ojú ọ̀run bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan tó dára ni ìyẹ̀fun yìí, bó bá ti kéré mọ, tí kò bá gbìyànjú àtidi oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ahun tí igbó Asante bí kì í ṣe òmìrán. Oríṣi mẹ́ta ló wà ní Gánà nínú ìran tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys: méjì ń gbé inú igbó, ẹ̀kẹta ń gbé ọ̀dàn. Èyí tí wọ́n sọ ní Kinixys homeana ni kí ẹ fi ojú inú wò. Gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tó ti gbẹ tí òjò tún wá pa, pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú ìyeyè níhìn-ín lọ́hùn-ún, débi pé ó lè jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọdẹ kí ọdẹ má rí i. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lókè. Bó bá dé ìdí, á já wálẹ̀ lójijì. Apá ẹ̀yìn igbá yìí ni àrà wà, torí ó ní oríkèé. Bí ewu bá dé, ahun á fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù wọlé, á sì ká ìdí igbá náà wálẹ̀ bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìran ahun mìíràn láyé tí igbá òkè rẹ̀ ní irú oríkèé yìí.

Nínú igbó, oúnjẹ rẹ̀ kò lópin. Ó ń jẹ olú, ó ń jẹ èso tó já bọ́ tó ti ń kẹ̀, ó ń jẹ ewé àti òdòdó, ó ń jẹ ekòló, ó ń jẹ ọ̀kùn, ó ń jẹ ìgbín. Ara líle tí ọ̀kùn gbé wọ̀ kún fún kálísíọ̀mù. Ìgbín kékeré a sì máa lọ tẹran tìkarahun. Àwọn Asante ní òwe kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀, pé bó bá ṣe ti ahun àti ìgbín nìkan ni, ìbọn kì bá tí dún nínú igbó. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n ń sọ, pé àwọn méjèèjì kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò tíì rí ahun tó pàdé ọmọ ìgbín lẹ́yìn òjò.

Yorùbá náà ní tiwa: ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Òwe yìí dùn, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko kò ní gbà pé ilé ni. Egungun ni. Egungun ìhà ahun àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ̀, tó so pọ̀, tó di igbá. Èyí tó ń dán lókè tí ojú wa ń rí kò ju irú nǹkan tí èékánná ọwọ́ wa jẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú igbá náà, ó sì ń mọ ìrora. Ìkarahun ìgbín kì í ṣe egungun; ara rẹ̀ ló ń sun ún jáde díẹ̀díẹ̀. Ti ahun ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ látinú ẹyin, kò sí bó ṣe lè bọ́ ọ sílẹ̀. Ọmọ ahun tó ń dàgbà ń kọ́ egungun tó pọ̀ ju ti ẹranko tó bá a ṣe ẹgbẹ́ lọ, kálísíọ̀mù sì ni egungun fi ń le.

Nínú àgbàlá, ta ni yóò wá ọ̀kùn fún un? Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́nu ọmọdé ni wọ́n ń jù sí i: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀, tòmátì tó ti bẹ́, búrẹ́dì, ìṣẹ́kù waakye (ìrẹsì àti ẹ̀wà). Ahun á jẹ ẹ́, á sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, ìyẹn ló ń tan olówó rẹ̀ jẹ. Kálísíọ̀mù ní èkejì kan tó ń jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù tó yẹ, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ẹranko afàyàfà sì ń fẹ́ kí kálísíọ̀mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ wá wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: nínú 100 gíráàmù rẹ̀, kálísíọ̀mù tó nǹkan bíi mílígíráàmù 5, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó 22. Òdì kejì pátápátá ni. Ti tòmátì jẹ́ 10 sí 24. Nínú àwọn èso, ìbẹ́pẹ ló gbìyànjú, 20 sí 10. Ilá ní 82 sí 61, ewé mọ̀ríńgà tútù ní nǹkan bí 185 sí 112.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, torí ibẹ̀ ni ẹwà ìyẹ̀fun yìí ti hàn sí mi jù. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jẹ́ 22, kálísíọ̀mù tó yẹ kó bá a rìn jẹ́ 44. 5 ti wà níbẹ̀. Ó ku 39. Ìyẹ̀fun èèpo ẹyin, bí a bá wọn gíráàmù kan rẹ̀, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á sún mọ́ mílígíráàmù 380. Nítorí náà, ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ń fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan ṣoṣo lọ. Bí ẹ bá dà á sí àtẹ́lẹwọ́, èémí imú lè gbé e lọ. Gbogbo aáyan yìí, lórí ohun tí kò tó ká fi dín ata! (Èyí kò sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ di oúnjẹ ahun o. Ìṣirò lásán ni mo fi í ṣe.)

Bí ìdá kékeré yẹn bá ń sọnù lójoojúmọ́, ara kì í dúró de oúnjẹ. Ọkàn ń fẹ́ kálísíọ̀mù kó tó lè lù, iṣan ń fẹ́ ẹ kó tó lè sún kì, bí kò bá sì sí nínú ẹ̀jẹ̀, ara á yá a lọ́wọ́ egungun. Gbèsè náà kì í hàn ní kíákíá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, igbá ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ wọlé. Àgbọ̀n á wọ́, ẹnu òkè kò ní pàdé ti ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé ara kúrò nílẹ̀ á máa wọ́ àyà nílẹ̀. Abo tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti yé lè há ẹyin síkùn. Ọmọ ahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa a máa rọ̀ díẹ̀ nígbá, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Èyí tó ti lé lọ́dún kan dáadáa tó ṣì ń rọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ilẹ̀ Gánà ti mọ ìbátan àrùn yìí lára ọmọ èèyàn. Cicely Williams, dókítà tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1929 nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, kọ̀wé ní 1933 nípa àwọn ọmọ tí oúnjẹ àgbàdo nìkan ń ba ara wọn jẹ́. Ní 1935 ó pe àrùn náà ní kwashiorkor, orúkọ tó gbà lẹ́nu àwọn Ga. Ọmọ ń jẹun, ó ń yó, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń wú, irun rẹ̀ ń pọ́n. Ahun tó ń jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́ náà ń yó.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀. Èèpo ẹyin ni màá kọ́kọ́ gbé ga. Àwọn tó ń ta ẹyin sísè tí wọ́n ń la tí wọ́n ń fi ata lílọ̀ sáàárín rẹ̀ kò wọ́n ní títì Kùmásí, èèpo tí wọ́n sì ń bó dànù lóòjọ́ lè tó ahun gbogbo àdúgbò jẹ fún ọdún kan. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 èèpo náà ló jẹ́ calcium carbonate. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kòkòrò àìfojúrí má bàa bá a lọ, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ táútáú. Lẹ́yìn náà ẹ gún un. Níbẹ̀rẹ̀ á máa han ràkàràkà lábẹ́ ọmọ odó; bó ṣe ń kúnná ni ohùn rẹ̀ á máa rọlẹ̀, títí á fi ku ìró ọmọ odó nìkan. Ẹ fi asẹ́ tó kúnná sẹ́ ẹ. Èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ jẹ́ funfun tó fara pẹ́ ìyeyè díẹ̀ bó bá ṣe ẹyin pupa ni wọ́n bó, kò ní òórùn, kò ní adùn, ó kàn ń gbẹ itọ́ lórí ahọ́n. Ẹ gún ìyókù lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ àárọ̀ kan lè tó oṣù mélòó kan.

Ìkarahun ìgbín le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Asante fẹ́ràn ìgbín nínú ọbẹ̀, ìkarahun kò sì lè wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń fọ ìgbín. Odó ńlá nìkan ló lè fọ́ ọ, tàbí kí ẹ fi òkúta fọ́ ọ kí ẹ tó gbé e sínú odó. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi iná sun ún kó lè rọrùn gún. Bó bá jẹ́ iná díẹ̀ tó kàn gbẹ omi ara rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sun ún nínú iná ẹ̀ẹ́dú tó gbóná janjan títí tó fi di eérú funfun, ó ti di nǹkan mìíràn, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, tó sì ń bó ẹnu.

Kùmásí àti agbègbè rẹ̀ jẹ́ ojúkò ọ̀sìn adìyẹ ní Gánà, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìyẹ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Oyster shell wà níbẹ̀ nínú àpò, wọ́n ń fi olonka, igbá ìwọ̀n ọjà ibẹ̀, wọ̀n ọ́n fún ẹni tí kò fẹ́ ra odindi àpò. Ìkarahun ẹran omi ni, ó dára, kò sì ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó jọ nǹkan kan. Ó kàn yẹ kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, torí adìyẹ ní iwe tó ń lọ nǹkan, ahun kò ní. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni ẹ ó ti rí premix, àpò kékeré tí fítámínì àti èròjà oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń po oúnjẹ adìyẹ. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ahun. Wọ́n ṣe é kó lè tú sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò oúnjẹ. Ìka méjì rẹ̀ lórí ewé ahun kan ti di májèlé. Adìyẹ tí wọ́n ń fi bọ́ kò ní pẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń fẹ́ kí ahun bá ọmọ wa láyé.

Ohun funfun mìíràn tún wà lọ́jà tó ń tan ojú jẹ: hyire, amọ̀ funfun tí àwọn aboyún ń jẹ ní Gánà. Kì í ṣe kálísíọ̀mù. Amọ̀ ni, kò sì lè mú egungun kankan le.

Wíwọ́n rẹ̀ ní ọgbọ́n. Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ gbọn ọ́n, kó ku ọ̀rinrin tí ìyẹ̀fun á fi lẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bù ú, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ẹ fi ìka ra ara wọn kó máa dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ewé gbọ́dọ̀ ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀. Bí ewé bá funfun tán, ahun á gbóòórùn, á yí orí padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Fún àgbà ahun, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó; ọmọ tó ń dàgbà àti abo tó fẹ́ yé lè gbà á ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọ́ yánrin dára fún un, ewé mọ̀ríńgà dára, ewé ilá àti òdòdó hibiscus dára, àti koríko fún ahun ọ̀dàn. Fún ti inú igbó, ẹ fi olú, ekòló tàbí ìgbín kékeré kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe ẹlẹ́wé nìkan. Kontomire tí gbogbo Kùmásí fi ń se ọbẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ewé kókò, kò yẹ fún ahun ní tútù. Èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà ló ń yún èèyàn lọ́fun bí kò bá jinná, ó sì ń di kálísíọ̀mù mú nínú ìfun kó má lè wọ ara. Ẹni tó ń wọ́n ìyẹ̀fun sórí kontomire tútù ń fi ọwọ́ kan fúnni, ó ń fi èkejì gbà á padà.

Kálísíọ̀mù tó wọ ìfun kò tíì dé egungun. Fítámínì D ló ń mú un kọjá, fítámínì yìí tí Elmer McCollum ní Amẹ́ríkà sọ lórúkọ ní 1922. Àwọ̀ ara ló ń ṣe é nígbà tí ìtànṣán UVB inú oòrùn bá bà á, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á sì parí iṣẹ́ náà. Níhìn-ín ni Krofrom ti ju ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Kùmásí kò tó ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ibẹ̀ sì ń dúró gangan lórí èèyàn. Ahun tó ń rìn nínú àgbàlá tí kò ní òrùlé, tó rí oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, tó sì ní ibòji tó lè sá sí, ti gba fítámínì D rẹ̀. Ti inú igbó kò tilẹ̀ fẹ́ oòrùn gbangba. Èyí tó bá ń ti àárín ewé jábọ́ sára rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó wù mí jù nínú ètò yìí ni pé oòrùn mọ̀wọ̀n. Bí ara bá ti ní tó, ìtànṣán náà fúnra rẹ̀ á máa tú èyí tó ṣẹ́ kù ká. Èyí tó bá ti ẹnu wọlé kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Fítámínì D tí wọ́n bá dà jù sínú oúnjẹ á kó kálísíọ̀mù lọ síbi tí kò yẹ, sínú kíndìnrín, sára òpó ẹ̀jẹ̀, á sì le síbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ń sin ahun ní Peckham kò ní àǹfààní yìí. Oṣù púpọ̀ ni oòrùn London kì í fi ní agbára UVB tó jọ nǹkan kan, gíláàsì fèrèsé sì ń dí èyí tó kù. Òun ló yẹ kó ra iná UVB, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá ti wí, torí iná náà á ṣì máa mọ́lẹ̀ lójú èèyàn nígbà tí ìtànṣán tó wúlò ti tán lára rẹ̀. Òun ló sì yẹ kó ra ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ fítámínì D3. Ẹni tó bá gbé ike yẹn láti London wá fún ahun tó ń yá oòrùn ní Krofrom ti gbé epo lọ fún ará Okitipupa.

Ní ti fítámínì yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìyẹ̀fun tó ní oríṣiríṣi fítámínì, bí ẹ bá rí ojúlówó tí wọ́n ṣe fún ẹranko afàyàfà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì tó fún ahun tó ń jẹ ewé oríṣiríṣi. Ooru àti ọ̀rinrin ń pa fítámínì. Ike tó ṣí sílẹ̀ nínú ilé ìdáná láti ọdún tó kọjá ti di ìyẹ̀fun lásán. Ahun ń rí fítámínì A láti inú ewé tútù, kárọ́ọ̀tì àti elégédé, ara rẹ̀ sì ń mú ìwọ̀n tó fẹ́. Abẹ́rẹ́ fítámínì A ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ahun tí ojú rẹ̀ wú, tí ẹnì kan kàn gún ní abẹ́rẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó láwọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ẹran rẹ̀ á fi hàn. Dókítà ẹranko ló lè pinnu ìyẹn, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Kò sì sí ìyẹ̀fun tó lè ṣe iṣẹ́ omi. Àwọn kan máa ń rí igbá ahun tó gún ṣóńṣó ṣóńṣó, wọ́n á ní kálísíọ̀mù ló dín tàbí purotéènì ló pọ̀ jù. Ní 2003 àwọn olùwádìí ní Vienna tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ahun aṣálẹ̀, èyí tó ń jẹ́ sulcata. Wọ́n fi oúnjẹ tó yàtọ̀ síra bọ́ wọn nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ àti èyí tó ní ọ̀rinrin, wọ́n sì rí i pé gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló ń mú igbá gún ṣóńṣó ju purotéènì inú oúnjẹ lọ. Nígbà ọyẹ́, kí àwọn tó wà ní Krofrom máa gbé ahun sínú omi tí kò jìn, tí kò ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ, kó mu, kó sì tọ̀.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á ti máa retí kí n dárúkọ Alágbà. Ahun ààfin Ṣọ̀ún ni, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ààfin ní ọdún 344 ló gbé láyé, pé Ṣọ̀ún Isan Okumoyede, tó jọba láàárín 1770 sí 1797, ló mú un wá. Àwọn onímọ̀ kan ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí ahun tí wọ́n mọ ọjọ́ orí rẹ̀ dájú tó sún mọ́ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà ọdún sílẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ìtàn rẹ̀ ni ìtọ́jú: àwọn òṣìṣẹ́ ààfin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bójú tó o, oúnjẹ tí wọ́n ní kì í jẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, àlejò tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀ nínú àgbàlá. Bóyá ìyẹn gan-an ni àfikún tó ju gbogbo ike lọ.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà ní erékùṣù St Helena tí ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Jonathan ni orúkọ rẹ̀, ahun ńlá láti Seychelles, tí wọ́n kó débẹ̀ ní 1882 nígbà tó ti dàgbà tán. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 1832 ni wọ́n pa á, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2022 pé kò sí ahun kankan tí wọ́n mọ̀ tó dàgbà tó o rí. Ó ń jẹko lórí pápá ilé gómìnà. Nígbà tó di arúgbó, ojú rẹ̀ fọ́, imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́, kò sì lè yan koríko tó dára. Ẹnu rẹ̀ tó yẹ kó mú bí ọ̀bẹ kú, ó ń rún. Joe Hollins, dókítà ẹranko erékùṣù náà nígbà yẹn, fòye gbé e pé fítámínì àti èròjà ló dín lára rẹ̀. Kò ra ike. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà, kábéèjì, ápù àti èso tó bá wà lásìkò. Kò pẹ́ tí ẹnu náà fi tún mú padà, ara ahun sì jí pépé. Ahun tó lé lọ́gọ́jọ ọdún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀!

Nínú gbogbo èyí, ẹ má ṣe rò pé mo ń rọ ẹnikẹ́ni pé kó lọ mú ahun nígbó. Àjọ IUCN ti ka Kinixys homeana mọ́ àwọn ẹranko tí ewu ìparun tó le jù ń dojú kọ, torí igbó ń tán, ọdẹ ń pa wọ́n jẹ, àwọn oníṣòwò sì ń kó wọn lọ sókè òkun fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ọ̀sìn. Òfin CITES ló ń ṣàkóso kíkó irú wọn kọjá ẹnubodè, Wildlife Division ti Forestry Commission ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn ní Gánà. Ẹ má ra ahun lọ́wọ́ ọdẹ, kì báà rọ̀ pọ́ọ́kú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti wà nílé, kó lọ bá àwọn dókítà ẹranko kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò; KNUST, yunifásítì Kùmásí, ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn dókítà bẹ́ẹ̀. Kó sì sọ fún ẹlẹ́yin tó wà nítòsí rẹ̀ pé kó máa bá òun kó èèpo jọ.